Ṣé kí n dáná sun ìwé páswọ́ọ̀dù mi?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Tìṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ìjerò-Èkìtì ni mò ń gbé. Mo ní ìwé kékeré kan tí mo ń kọ páswọ́ọ̀dù sí: ti ímeèlì, ti Facebook, ti báńkì, ti owó ìfẹ̀yìntì, ti JAMB ọmọ-ọmọ mi, títí kan PIN káàdì ATM. Inú Bíbélì mi ni mo ń fi í sí. Àkọ́bí mi tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Kánádà wálé, ó rí i, ó figbe bọnu. Ó ní ta ló tún ń kọ páswọ́ọ̀dù sínú ìwé láyé ìsinsìnyí, kí n dáná sun ún, kí n kó gbogbo rẹ̀ sínú áàpù kan. Áàpù yẹn kò yé mi. Orí mi náà kò sì gbé e mọ́. Orúkọ ọmọ yẹn àti ọdún tí mo bí i ni mo tilẹ̀ fi ṣe gbogbo wọn kí n má baà gbàgbé. Ṣé kí n sun ún lóòótọ́?"

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ilé o. Ẹ má sun ún. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì pe ọmọ yín ní Kánádà láti sọ fún un pé ẹ jàre, torí pé ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ yín tó bà mí lẹ́rù ju ìwé náà lọ. Ẹ ní páswọ́ọ̀dù kan náà ni ẹ fi ṣe gbogbo wọn. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ni, kí wá ni ẹ ń kọ sílẹ̀ gan-an? Ìdí tí ìwé fi dára ni pé ó ń jẹ́ kí ibi kọ̀ọ̀kan ní páswọ́ọ̀dù tirẹ̀, kó gùn, kó le, kí ẹnikẹ́ni má sì ní láti há a sórí. Ìwé yín wà nílé, àmọ́ ẹ kò tíì jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún yín.

Mo mọ ibi tí ọmọ yín ti gbọ́ ohun tó sọ. Òfin ọ́fíìsì ni. Ní ọ́fíìsì, ènìyàn á kọ páswọ́ọ̀dù sórí bébà pélébé, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú kọ̀ǹpútà, ẹni tó ń gbálẹ̀ á rí i, ẹni tó wá tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe á rí i, àlejò tó ń dúró de ọ̀gá náà á rí i. Níbẹ̀, "ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀" bọ́gbọ́n mu. Ìyàrá yín ní Ìjerò kì í ṣe ọ́fíìsì. Àwọn àgbà iṣẹ́ wa pàápàá ti tako òfin yìí tipẹ́. Lọ́dún 2005, Jesper Johansson, tó wà ní Microsoft nígbà náà, sọ níbi ìpàdé àwọn onímọ̀ ààbò ní Ọsirélíà pé ó yẹ kí àwọn ilé iṣẹ́ gbà kí òṣìṣẹ́ máa kọ páswọ́ọ̀dù sílẹ̀. Ó ní òun fúnra òun ní 68, bí wọ́n bá sì ní kí òun má kọ ìkankan sílẹ̀, ẹyọ kan náà lòun máa lò níbi gbogbo. Ẹ ò rí i pé ohun tí ẹ̀yin náà ṣe gan-an nìyẹn. Lọ́dún kan náà, Bruce Schneier, tí gbogbo ayé ń gbọ́ràn sí lẹ́nu nínú iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà, ní kí á kọ ọ́ sórí bébà kékeré, kí á fi í sínú pọ́ọ̀sì pẹ̀lú owó, nítorí a ti mọ bí a ṣe ń ṣọ́ bébà kékeré tó níye lórí. NCSC, àjọ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń rí sí ààbò orí íntánẹ́ẹ̀tì, náà ń sọ fún ará ìlú wọn pé kò burú, bó bá ti wà ní ìpamọ́, tí kò sì sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí a fi ń ṣí i.

Ìbéèrè tó yẹ ká bi ara wa ni pé ta ni olè tí à ń sá fún. Méjì ni wọ́n.

Àkọ́kọ́ jìnnà. Kò mọ Ìjerò, kò sì ní í mọ̀ ọ́n láéláé. Ilé iṣẹ́ ńlá tí ẹ fi páswọ́ọ̀dù lé lọ́wọ́ ni yóò lọ jà lólè. Ní December 2009, wọ́n kó páswọ́ọ̀dù tó lé ní mílíọ̀nù 32 ní ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ RockYou. Bí àwọn ènìyàn ṣe tẹ̀ ẹ́ gẹ́lẹ́ ni ilé iṣẹ́ náà tọ́jú rẹ̀, láìfi ohunkóhun bò ó, èyí tó sì pọ̀ jù nínú wọn ni 123456. Ti Yahoo burú ju ìyẹn lọ: lọ́dún 2013 ni wọ́n wọlé síbẹ̀, ọdún 2017 ni ilé iṣẹ́ náà tó jẹ́wọ́ pé gbogbo àkáǹtì tó wà lọ́wọ́ wọn, bílíọ̀nù 3, ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Mo sì mọ̀ pé Yahoo ni ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ yín fi ṣí ímeèlì àkọ́kọ́. Tí olè yìí bá ti rí páswọ́ọ̀dù yín níbì kan, ẹ̀rọ ni yóò gbé e fún, ẹ̀rọ á sì máa gbé e kiri: Facebook, Google, báńkì, ibikíbi. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan náà ni, ilẹ̀kùn gbogbo ló ṣí yẹn. Orúkọ ọmọ àti ọdún ìbí kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni jí i. Ó dá mi lójú pé ẹ ti kọ ọ́ sórí Facebook rí fúnra yín, lọ́jọ́ ìbí rẹ̀: "Àkọ́bí mi pé 44 lónìí, ẹ bá mi yọ̀." Orúkọ ọmọ wà níbẹ̀, ìṣirò ọdún kò sì le.

Olè yìí kò lè débi Bíbélì yín. Fún un, kò sí ibi ìpamọ́ tó dà bí ìwé.

Olè kejì ni ẹni tó lè wọ yàrá yín. N kò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni o. Ṣùgbọ́n Èkìtì la wà, ilé wa kì í ṣófo: ọmọ ẹ̀gbọ́n tó wá kàwé, ayálégbé tó ń bá yín gbé omi, ọmọ ìjọ tó ń bá yín tẹ fóònù. Ẹni wọ̀nyí kò nílò ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kankan. Káàdì àti PIN rẹ̀ ló nílò, tàbí fóònù yín àti PIN tí ẹ fi ń tẹ *737# tàbí *894# tàbí èyíkéyìí tí báńkì yín ń lò. Nítorí náà, níbí ni mo ti gbè lẹ́yìn ọmọ yín pátápátá: PIN ATM, PIN kóòdù báńkì àti PIN áàpù báńkì gbọ́dọ̀ kúrò nínú ìwé yẹn lónìí. Ẹ má kàn fàlà sí i. Ẹ lọ yí wọn padà, torí pé a kò mọ ẹni tó ti rí wọn. Wọ́n kúrú, ẹ sì ń lò wọ́n lemọ́lemọ́, orí yóò gbé wọn. Ẹ má fi ọdún ìbí ẹnikẹ́ni ṣe é. Oríṣi PIN oníye mẹ́rin tó wà jẹ́ 10,000, ATM sì sábà máa ń gbẹ́sẹ̀ lé káàdì bí ènìyàn bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ọdún ìbí ni olè máa kọ́kọ́ dán wò. Àwọn kan máa ń gbọ́n ọgbọ́n fífi PIN pamọ́ sínú nọ́ńbà fóònù èké, wọn á kọ "Ìyá Bọ́lá" sí iwájú rẹ̀. Àwọn olè ti mọ Ìyá Bọ́lá tipẹ́. Bí ẹ bá gbàgbé PIN, owó ọkọ̀ lọ sí báńkì ló máa ná yín, wọn á sì fún yín ní òmíràn. Bó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, owó ìfẹ̀yìntì ló ń lọ yẹn.

Ẹ tún jẹ́ kí wọ́n bá yín fi PIN ti síìmù yín. Fóònù yín lè ní títì tirẹ̀, àmọ́ bí olè bá yọ síìmù náà tó fi í sínú fóònù mìíràn, nọ́ńbà yín ti di tirẹ̀ nìyẹn, kóòdù tí báńkì bá fi ránṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ló ń dé. Bí síìmù bá ní PIN, tí ó ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, yóò béèrè PUK, nọ́ńbà oníye mẹ́jọ tó wà lára káàdì tí wọ́n yọ síìmù náà lára rẹ̀ nígbà tí ẹ rà á. Ìyẹn yẹ lóhun tí à ń kọ sínú ìwé.

NIN àti BVN ńkọ́? Ìwọ̀nyí kì í ṣe páswọ́ọ̀dù. Nọ́ńbà oníye mọ́kànlá ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, wọ́n sì ti wà lọ́wọ́ ènìyàn púpọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Nọ́ńbà owó ìfẹ̀yìntì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN náà kì í ṣe páswọ́ọ̀dù, bí wọ́n tilẹ̀ ń pè é ní PIN. Ẹ lè kọ wọ́n sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa wọn ni pé bí ẹnì kan bá pè yín, tó ka BVN yín sí yín létí láìṣì kan, ìyẹn kò sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ báńkì. Ó rí i níbì kan ni. Bó bá wá béèrè nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù yín, ẹ pa fóònù náà. Ẹ má dáhùn, ẹ má bá a jiyàn, ẹ má sì bú u.

Ẹ wá jẹ́ kí n béèrè nǹkan nípa ti JAMB yẹn. Ta ló ṣí ímeèlì ọmọ náà? Bí mo bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti Adó títí dé Ìdó, ọmọkùnrin káféè ló ṣí i. Ó wà lórí ìjókòó rẹ̀, èrò pọ̀ lẹ́yìn, ó tẹ orúkọ ọmọ, ó fi páswọ́ọ̀dù tó ń lò fún gbogbo oníbàárà ṣe é, ó kọ ọ́ sórí bébà fún yín, ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ńbà fóònù tirẹ̀ tilẹ̀ lè jẹ́ èyí tó fi sí i, kó má baà máa pe ẹnikẹ́ni jáde pé "kóòdù ti dé o." Kò ní èrò búburú, ó kàn fẹ́ kí èrò tán ni. Àmọ́ ímeèlì ni kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà ńlá: ẹni tó bá ní in, kó kàn tẹ "mo gbàgbé páswọ́ọ̀dù" níbikíbi, ibẹ̀ ni wọn á fi òmíràn ránṣẹ́ sí. Yàrá tó kù nílé, àtorí Facebook dórí owó ìfẹ̀yìntì, ó ti wọ̀ ọ́. Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan páswọ́ọ̀dù mìíràn, ti ímeèlì ni kí ẹ kọ́kọ́ yí padà, ti yín àti ti ọmọ náà, lórí fóònù tiyín, kì í ṣe ní káféè.

Báwo la ṣe ń ṣe tuntun? Gígùn ló lágbára. Gbogbo àmì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bíi @, # àti !, àti yíyí padà ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, inú ìlànà tí Bill Burr kọ fún NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣe ìlànà nípa ẹ̀rọ, lọ́dún 2003 ló ti gbilẹ̀. Lọ́dún 2017 ó sọ fún àwọn oníròyìn pé òun kábàámọ̀ púpọ̀ nínú rẹ̀, ọdún yẹn náà sì ni NIST yí ìlànà ọ̀hún padà. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn àgbà ni pé kí wọ́n mú ìwé tó nípọn, kí wọ́n dijú, kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n fi ìka lé ọ̀rọ̀ kan. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ẹ lè rí nǹkan bíi pepeye-biriki-osan-kanrinkan. (Ẹ má lo èyí o, mo ti kọ ọ́ síta.) Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò mọ ara wọn rí ni à ń wá. Iṣu, ebè àti àdá ti mọ ara wọn jù. Ẹ má lo ẹsẹ Bíbélì, ẹ má lo oríkì ìdílé, ẹ má lo òwe, nítorí ohun tí ẹnu gbogbo ènìyàn mọ̀ ni ẹ̀rọ olè náà mọ̀. Bí wọ́n bá fi dandan lé lẹ́tà ńlá àti nọ́ńbà, ẹ sọ lẹ́tà àkọ́kọ́ di ńlá, ẹ fi nọ́ńbà kan sí ìparí, ó parí.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá dára fún èyí, àmọ́ láìsí àmì ohùn àti láìsí àmì abẹ́. Mo mọ̀ pé yóò dun tìṣà. Ìdí rẹ̀ ni pé "ẹ" tí fóònù yín ń tẹ̀ àti "ẹ" tí fóònù ọmọ yín ń tẹ̀ lè jọra lójú, kí nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi tọ́jú wọn má jọra rárá. Fóònù kan á tọ́jú rẹ̀ bíi lẹ́tà kan ṣoṣo, èkejì á tọ́jú rẹ̀ bí "e" tí wọ́n fi àmì kan tẹ̀ lé. Ẹ̀yin á tẹ páswọ́ọ̀dù yín bó ṣe wà nínú ìwé gẹ́lẹ́, wọn á ní kò tọ̀nà, ẹ ó sì rò pé orí yín ni. Ibòmíràn tilẹ̀ wà tí wọn kò ní í gba lẹ́tà alámì rárá.

Ní ti kíkọ rẹ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé tìṣà wúlò. Ẹ fa ìlà sábẹ́ lẹ́tà ńlá. Ẹ fa ìlà gba inú òdo kó má baà jọ lẹ́tà O. Ẹ kọ 1 kó ní ìdí àti imú kó má baà jọ l. Bírò ni kí ẹ lò. Lẹ́ẹ̀dì máa ń parẹ́, bébà tí ATM ń tu jáde sì máa ń funfun tán pátápátá láàrin oṣù díẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ yí i padà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ má kọ orúkọ báńkì tàbí nọ́ńbà àkáǹtì síbẹ̀.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ètò yìí. Ẹ mú ọ̀rọ̀ kékeré kan tí ẹ kò ní í kọ síbì kankan, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí gbogbo páswọ́ọ̀dù pàtàkì. Ìwé á ní ọ̀rọ̀ mẹ́rin, ẹ̀yin á tẹ márùn-ún. Ẹni tó bá jí ìwé náà gbé yóò tẹ̀ ẹ́ títí, kò ní í ṣí. Ohun kan ṣoṣo ni orí yín ní láti gbé, kí ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán sì mọ̀ ọ́n pẹ̀lú yín.

Ibi tí ẹ ń fi í sí ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Bíbélì ń bá yín lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń jókòó lórí àga nígbà tí ẹ bá dìde lọ san ìdá mẹ́wàá, ọmọdé ń yá a ka. Àpò ọwọ́ kò dára, torí fóònù náà ń gbé níbẹ̀, wọn á sì jí méjèèjì pọ̀. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni gbogbo olè ń kọ́kọ́ gbé sókè. Ibi tí ìwé ilẹ̀ àti ìwé ẹ̀rí yín wà ni mo fẹ́, nínú àpótí irin tó ní kọ́kọ́rọ́, kó má kan ògiri, nítorí ikán Èkìtì kì í bi ènìyàn bóyá ìwé náà ṣe pàtàkì. Ẹ fi ọ̀rá wé e fún òjò. Ẹ má ya fọ́tò rẹ̀: fóònù lè gbé fọ́tò lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ láìsọ fún yín, áàpù ẹ̀yáwó tí ẹnì kan bá yín fi síbẹ̀ sì lè máa wo fọ́tò yín. Ẹ má fi í ránṣẹ́ sí ọmọ ní Kánádà lórí WhatsApp. Ẹ má sì gbé e lọ ṣe ẹ̀dà níbi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkópì, ẹ fọwọ́ kọ ẹ̀dà náà fúnra yín. Ẹ̀dà kejì, ti ímeèlì nìkan, ẹ fi í sínú àpò ìwé, ẹ lẹ̀ ẹ́, ẹ buwọ́ lù ú lójú ibi tí ẹ lẹ̀, ẹ fi í sọ́dọ̀ ọmọ tàbí àbúrò kan ní Adó. Bí iná bá jó ilé, tí a kò gbàdúrà rẹ̀, ẹ ó ní ibi tí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ní kí ẹni tó mọ fóònù bá yín tan ààbò ìgbésẹ̀ méjì (páswọ́ọ̀dù, lẹ́yìn náà kóòdù orí fóònù) sórí Google. Wọn á fún yín ní kóòdù 10 fún ọjọ́ tí fóònù bá sọnù, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ nọ́ńbà oníye mẹ́jọ, ẹ̀ẹ̀kan péré ni à ń lò wọ́n. Google fúnra rẹ̀ fi àyè sílẹ̀ láti tẹ̀ wọ́n sórí bébà. WhatsApp náà ní PIN oníye mẹ́fà tirẹ̀, ẹ tan án, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé.

Áàpù tí ọmọ yín sọ kò burú rárá, ó dára fún òun. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ọ lọ́jọ́ kan, ẹ kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n páswọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ló ń ṣí áàpù náà, bí ẹ bá sì gbàgbé rẹ̀, gbogbo rẹ̀ lè lọ. Ẹ bi í pé kí ni 1Password, ọ̀kan nínú àwọn tó gbajúmọ̀ jù nínú áàpù wọ̀nyí, ń fún àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá wọlé. Ojú ìwé kan ni, tó ní àyè tí ènìyàn máa fọwọ́ kọ páswọ́ọ̀dù náà sí, wọ́n sì ní kí á tẹ̀ ẹ́ jáde, kí á tọ́jú rẹ̀ sílé.

Ní ti ọjọ́ àìsí, kí Ọlọ́run fi jìnnà: Google ní ètò tí ẹ fi lè yan ẹni tí yóò gba ohun tó wà nínú àkáǹtì yín bí ẹ kò bá lò ó mọ́ fún ìgbà kan. Owó báńkì kò rí bẹ́ẹ̀. Kí àwọn ọmọ má fi PIN òkú gba owó, wàhálà ló ń dá sílẹ̀ láàrin wọn. Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Adó, lẹ́ka tó ń rí sí ogún, ni wọ́n ti ń gba ìwé àṣẹ.

Kí ẹ tó ti ọ̀rọ̀ yìí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ wo nọ́ńbà fóònù tó wà lára ímeèlì yín. Síìmù tí a kò bá lò fún ìgbà pípẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á gbà á padà, á sì tà á fún ẹlòmíràn. Bó bá jẹ́ síìmù tí ẹ lò nígbà tí ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ló ṣì wà níbẹ̀, ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí ni kóòdù yín ń lọ bá. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi èyí tó wà lọ́wọ́ yín báyìí sí i.